Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn kíákíá: ìdílé 14 ló sùn sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Àjàṣẹ́, ìpínlẹ̀ Kwara

Akọ̀wé Obìnrin (Ọjọ́rú, aago 5:40 ìdájí)
Ẹ kú ìdájí o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú, ojú oorun ni mo ti dìde kọ èyí. Láti alẹ́ ọjọ́ Ajé ni àwọn ènìyàn ti ń dé láti ọ̀nà Òkè-Òdè lọ́hùn-ún, ẹ ṣáà mọ̀ pé àwọn agbébọn ló ń lé wọn. Ìdílé 14 ló wà ní gbọ̀ngàn wa báyìí. Pásítọ̀ ní kí ẹgbẹ́ obìnrin mú ohun tí ìjọ máa ṣe wá sí ìpàdé ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀yin tí ṣọ́ọ̀ṣì yín ti ṣe irú èyí rí, ibo lẹ ti bẹ̀rẹ̀?

Bàbá Ìbejì Gánmọ
Ẹ kú iṣẹ́, mà. Èèyàn mélòó ló wà nínú ìdílé 14 yẹn? Ṣé kànga wà níbẹ̀? Ilé ìyàgbẹ́ ńkọ́? Tó bá jẹ́ ti oúnjẹ, ẹ má rà á ní kóńgò o. Ẹ rán ẹni tó mọ ọjà lọ sí ọjà Mandate ní Ìlọrin, kó ra odindi àpò ẹ̀wà àti gàrí. Gàrí ni kó pọ̀ jù, torí ọmọdé lè mu ún láìdúró de iná.

Nọ́ọ̀sì Òmù
Kí ẹ tó ra gàrí, ẹ wádìí àwọn tó ń lo oògùn. Mo ti tọ́jú màmá kan tó sá wá sí Òmù-Àrán. Ó ti lo ọjọ́ márùn-ún láìfi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan ẹnu, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, torí oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń bi wọ́n. Ẹ bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe lójú èrò: ta ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ta ló ní ìtọ̀ ṣúgà, ta ló lóyún, oṣù mélòó. Ẹ wá nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn fún àwọn ọmọ. Bí ọmọ bá ń ṣu gbuuru, omi tó ti hó tó sì ti tutù, lítà kan. Ṣúgà ṣíbí ìmutíì mẹ́fà, kí ẹ gé orí ṣíbí náà dọ́gba. Iyọ̀, ìdajì ṣíbí kan náà. Ẹ má jẹ́ kí iyọ̀ ju ìdajì ṣíbí yẹn lọ rárá, iyọ̀ àpọ̀jù léwu fún ọmọdé. Bí ojú ọmọ bá jìn wọnú tàbí kò lè mu nǹkan mọ́, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Alàgbà Ìgbómìnà
Ìdáhùn wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6. Àwọn opó tó ń sọ èdè Gíríìkì ni wọ́n ń fò nínú ìpín ojoojúmọ́, ìkùnsínú sì dé. Kí ni àwọn àpọ́sítélì ṣe? Wọ́n ní kí wọ́n yan ọkùnrin méje tí a jẹ́rìí wọn ní rere. Ẹ yan méje, ẹ kọ orúkọ gbogbo ènìyàn sílẹ̀, ẹ fi ohun gbogbo lé wọn lọ́wọ́.

Aláṣọ Ọ̀ffà
Bàbá, méje yẹn gan-an ni wọ́n yàn fún wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Mi ò ní dárúkọ ìjọ, mi ò ní dárúkọ ìlú. Ìjì ló ṣí òrùlé wa lóṣù kẹrin. Opó ni mí, ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́dọ̀ mi. Wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ènìyàn dáwó, wọ́n gbé ìrẹsì àti páànù wá. Èmi fúnra mi wà lára àwọn tó já ẹrù yẹn sílẹ̀, mo ka ìrẹsì, àpò 23 ni. Wọ́n kó o sí yàrá ẹ̀yìn ọ́fíìsì, ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo ni kọ́kọ́rọ́ wà. Wọ́n ní kí kálukú mú káàdì ìdámẹ́wàá rẹ̀ wá. Ẹni tí káàdì rẹ̀ kò bá kún, orúkọ rẹ̀ bọ́ sí ìsàlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni èmi àtàwọn ọmọ fi sùn sábẹ́ tapólì. Nígbà tó kàn mí, wọ́n gbé odindi àpò lé mi lọ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n gba àpò padà, wọ́n wọn kóńgò mẹ́rin fún mi. Kí n tó délé, fọ́tò ti wà lórí Facebook. Ọmọ mi obìnrin kọ̀, kò fẹ́ lọ sílé ìwé mọ́, wọ́n ń pè é ní ọmọ alágbe. Oṣù kẹfà ni wọ́n tó ṣí yàrá yẹn, kòkòrò ti ba ìrẹsì jẹ́. Páànù, mi ò rí ẹyọ kan. Akọ̀wé, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín: kí ẹ tó kéde ohunkóhun, ẹ bèèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ máa wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Oní-POS Tánkẹ̀
Omi bọ́ lójú mi. Ìjọ wo ni, mà? Ẹ dárúkọ wọn kí ayé gbọ́.

Aláṣọ Ọ̀ffà
Rárá. Ìyá mi ṣì ń jọ́sìn níbẹ̀.

Alàgbà Ìgbómìnà
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́, Olúwa á nù ọ́ lójú. Àmọ́ ká má fi ti ìjọ kan ba ti gbogbo ìjọ jẹ́. Bí àwọn méje bá bẹ̀rù Ọlọ́run, kò sí ìyọnu.

Bàbá Ìbejì Gánmọ
Alàgbà, kò ba ìjọ kankan jẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ló sọ. Àwọn méje tí wọ́n yàn lọ́dọ̀ tirẹ̀ náà, àwọn ènìyàn ló jẹ́rìí wọn ní rere kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn.

Oní-POS Tánkẹ̀
Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé owó ni kí ẹ fún wọn. Ẹ pín in fún ìdílé kọ̀ọ̀kan, kí kálukú ra ohun tó fẹ́. Kò sí yàrá, kò sí kọ́kọ́rọ́.

Nọ́ọ̀sì Òmù
Ta ni ẹ máa kó owó yẹn fún nínú ilé? Àwọn bàbá kan á ná an kó tó di alẹ́. Bí ẹ bá máa fún wọn lówó, ọwọ́ ìyá àwọn ọmọ ni kẹ́ ẹ fi sí.

Oní-POS Tánkẹ̀
Kì í ṣe gbogbo bàbá ló rí bẹ́ẹ̀, mà. Bàbá mi ló tọ́ wa dàgbà.

Àgbẹ̀ Ọ̀dọ́
Ẹ kú àsọyé. Ilẹ̀ ìjọ wà ní Àjàṣẹ́ dáadáa, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbin pákí sí i. Irú pákí tí wọ́n ń pè ní TME 419 ni kẹ́ ẹ wá, ó máa ń dúró gbọn-in, kì í pẹ̀ka tó bẹ́ẹ̀, ẹ sì lè gbin nǹkan mìíràn sáàárín rẹ̀. Oṣù mẹ́wàá sí ọdún kan, wọ́n ti ń wà á. Èmi lè fi igi pákí ránṣẹ́.

Bàbá Ìbejì Gánmọ
Ọdún kan kẹ̀? Oúnjẹ alẹ́ òní là ń sọ, arákùnrin.

Ọmọ Òkè-Òdè
Ẹ gbọ́ tèmi, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti wá. Ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ni àwọn agbébọn wọ ìlú wa, wọ́n pa nínú àwọn fijilanté tó ń ṣọ́ wa. Lóṣù kọkànlá, wọ́n ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì CAC ní Èrúkù, ìsìn ń lọ lọ́wọ́, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó àwọn olùjọsìn lọ. Àwọn 38 ni wọ́n gbà padà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó sá láti oko tí ẹ ní kó sùn sínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, kì í sùn. Ilẹ̀kùn ló ń wò mọ́jú. Mo mọ̀, torí bí ìyá mi ṣe rí nìyẹn lọ́dọ̀ mi ní Ìlọrin. Ẹ fi ọdẹ sí ẹnu ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí àwọn tọ́ọ̀ṣì wà, kí ilẹ̀kùn kejì má wà ní títì láti ìta. Ẹ má sọ àdúgbò tí gbọ̀ngàn yẹn wà níbí o, ẹ má sì ya fọ́tò ẹnikẹ́ni.

Ìyá Aláta Ìpàtà
Mùsùlùmí ni mí, ẹ gbà mí láyè. Ìdílé Ìgbómìnà wo ni kò ní mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ nínú? Ó dá mi lójú pé àwọn tiwa wà láàárín wọn. Ẹ fi igun kan àti omi àlùwàlá sílẹ̀ fún wọn. Bí ẹ bá máa pa ẹran, ẹ jẹ́ kí mùsùlùmí kan dú u. Mo ní ata rodo àti tàtàṣé, mọ́tò Àjàṣẹ́ tó bá kọ́kọ́ gbéra lọ́la, màá fi agbọ̀n méjì sí i.

Ajíhìnrere
A dúpẹ́, Ìyá. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì ni, kì í ṣe ìjọba. Kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ìwàásù kí wọ́n tó jẹun, kò lè pa wọ́n lára.

Nọ́ọ̀sì Òmù
Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ka Jákọ́bù 2, ẹsẹ 15 àti 16. Ẹni tí ebi ń pa, tí a ní kó máa lọ ní àlàáfíà láìfún un ní nǹkan kan, kí la ṣe fún un? Ọmọ tí kò tíì jẹun láti àná kò lè gbọ́ ìwàásù.

Akọ̀wé Obìnrin (Ọjọ́ Ẹtì, aago 9:15 alẹ́)
Ẹ kú àánú gbogbo yín, mo ka gbogbo rẹ̀. Iye ènìyàn tí ẹ bèèrè, ẹ jẹ́ kí ó wà lọ́wọ́ mi, nítorí ọ̀rọ̀ Ọmọ Òkè-Òdè.

Lánàá, mo lọ jókòó sórí ẹní pẹ̀lú àwọn obìnrin inú gbọ̀ngàn. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́. Mo rò pé ìrẹsì ni wọ́n máa sọ. Ìkòkò ni wọ́n ní àwọn fẹ́. Ìkòkò, igi ìdáná, odó kan, àti ọṣẹ ìfọṣọ. Wọ́n ní ó ti sú àwọn láti máa na abọ́ sí ènìyàn, àwọn mọ ọbẹ̀ sè. Ọ̀kan nínú wọn, ìyá àgbà kan, sọkún nígbà tó ń sọ ọ́.

Ohun tí mo gbé lọ sí ìpàdé nìyẹn, wọ́n sì gbà á. A ò yan méje, Alàgbà, ẹ má bínú. A ò pín owó náà. Wọ́n á máa dáná fúnra wọn. Àwọn ọkùnrin ìjọ máa fi tapólì dá gbọ̀ngàn sí yàrá yàrá kí tọkọtaya lè ní ibi ìkọ̀kọ̀. Kọ́kọ́rọ́ ibi ìkóunjẹ wà lọ́wọ́ ìyá àgbà tó sọkún yẹn. Pásítọ̀ gan-an á tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn kó tó wọlé. Ẹni mẹ́ta ni Nọ́ọ̀sì ìjọ wa rí tí oògùn wọn ti tán, a ti rà á.

Ìkòkò ló kù. A ní méjì, ó yẹ kó tó mẹ́fà, èyí tó tóbi. Ta ló ní?

Ìyá Aláta Ìpàtà
Ata ti gbéra láti àárọ̀ o. Dẹ́rẹ́bà á pè yín.

Aláṣọ Ọ̀ffà
Mo ní ọ̀kan, èyí tí a fi se oúnjẹ ìsìnkú ọkọ mi. Mi ò tíì lò ó látìgbà náà. Lọ́la, kó tó di aago mẹ́wàá, màá gbé e dé Àjàṣẹ́. Ẹ bá mi sọ fún ìyá tó mú kọ́kọ́rọ́ pé mò ń bọ̀.