Ẹ̀yáwó ilé àkọ́kọ́ nígbà tí owó oṣù kò tíì tó nǹkan: ẹ sọ ìrírí yín

Olùkọ́ Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín o. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń ṣe olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀, onílé mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìdajì lé owó ilé. Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ ìdá méjì àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù mi fún NHF, àpò owó ilé ti ìjọba àpapọ̀, tí n kò sì mọ àǹfààní rẹ̀. Ǹjẹ́ ẹnìkan wà láàárín wa tí ó ti fi owó oṣù kékeré gba ẹ̀yáwó ilé, ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Rẹ́mọ níbí, tí kọ́kọ́rọ́ sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́?

Nọ́ọ̀sì Ṣàgámù
Èmi gba ti NHF yẹn ní 2017, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi sáré rẹ̀. Ilẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi ní Òde Rẹ́mọ ni mo kọ́kọ́ gbé lọ bá báńkì, nítorí mo rò pé ẹni tí ó ti ní ilẹ̀ ti rìn dé ìdajì ọ̀nà. Lọ́yà wọn wo ìwé tí ẹbí fọwọ́ sí, ó ní ìwé náà dára láàárín ẹbí, ṣùgbọ́n báńkì kò lè gbà á ní ìdógò, nítorí láti ìgbà òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ni fífi ilẹ̀ dógò ti nílò ìfọwọ́sí gómìnà. Owó tí C of O, ìwé àṣẹ ìjọba lórí ilẹ̀, yóò jẹ, àti ìrìn Abẹ́òkúta tí yóò bá a rìn, ju agbára mi lọ. Ni mo bá fi ilẹ̀ bàbá mi sílẹ̀ kí ó máa hu koríko, mo lọ wá ilé oníyàrá méjì tí ìwé rẹ̀ ti pé.

Èlé ni ó yọ mí: ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Mílíọ̀nù márùn-ún náírà tí mo yá fún ogún ọdún, ₦35,800 ó lé díẹ̀ ni mò ń san lóṣù. Ẹni tí ó bá yá iye kan náà ní èlé ìdá 24, èlé nìkan ti jẹ ₦100,000 lóṣù kìn-ín-ní, kò tíì fọwọ́ kan gbèsè gan-an.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó
Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú, ó ṣòro fún mi láti gbà yín gbọ́. Bàbá mi san owó NHF yìí láti ìgbà tí òfin rẹ̀ jáde ní 1992 títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì rí ju owó tí ó ti san lọ, àti èlé tí kò tó ra ilẹ̀kùn. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ó fi kọ́lé, yàrá kan lọ́dún kan.

Nọ́ọ̀sì Ṣàgámù
Ṣé bàbá yín kọ̀wé béèrè fún ẹ̀yáwó náà?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó
Wọn kò kọ̀wé. Ta ni ó sọ fún wọn pé wọ́n lè kọ ọ́?

Ìyá Ìbejì, Ìkẹ́nnẹ́
Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí yẹn ni ó gún mi lọ́kàn. Olórí ẹbí fọwọ́ sí tèmi, a fún wọn ní ọtí àti owó, ìgbà tí báńkì rán ènìyàn wá wo ilẹ̀ náà ni ojúlé kejì jáde wí pé wọn kò pe àwọn. Báńkì kò tún gbé ìpè mi mọ́.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde
Olùkọ́, ohun tí kò sí ẹni tí ó sọ fún mi rèé. Báńkì tí mo lọ kò gbà kí gbèsè oṣooṣù ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù lọ. ₦90,000 ni mò ń gbà nígbà náà, nítorí náà mo ti fọkàn sí ₦30,000 lóṣù, èyí tí ó tó san mílíọ̀nù márùn-ún láàárín ọgbọ̀n ọdún. Ṣùgbọ́n mo ti yá owó àsansílẹ̀ ilé náà lọ́wọ́ alájẹṣẹ́kù, ₦18,000 sì ń yọ lójú ìwé owó oṣù mi. Wọ́n yọ ọ́ kúrò, ó ku ₦12,000, mílíọ̀nù márùn-ún sì di mílíọ̀nù méjì. Owó tí mo yá kí n lè yáwó ni ó dínà owó.

Ọmọ Rẹ́mọ
Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú, aṣọ tí ẹ ń dá fún Ojúde Ọba lọ́dọọdún tó àsansílẹ̀ ilé méjì.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde
Ṣé ẹ̀yin kì í náwó òkú ní Rẹ́mọ ni? Inú regbẹ́rẹ́gbẹ́, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí wa tí ń dá aṣọ Ojúde Ọba, tí ẹ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn ni mo ti rí onídùúró méjì tí báńkì béèrè.

Bàbá Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀
Ẹ̀yin ọmọ mi, ìwọ̀fà ni a ń pe èyí láyé àtijọ́. Ẹni tí ó yáwó yóò máa lọ ṣiṣẹ́ fún olówó, iṣẹ́ náà ni èlé, yóò sì máa ṣe é títí owó yóò fi pé. Ẹ̀yin náà wá fẹ́ ṣe ìwọ̀fà ọgbọ̀n ọdún.

Nọ́ọ̀sì Ṣàgámù
Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Ìwọ̀fà ń fi ara rẹ̀ dúró ni, ṣùgbọ́n ilé ni ó dúró fún tèmi, inú rẹ̀ ni mo sì ń sùn. Iṣẹ́ fún onílé láìní òpin ni ó jọ ìwọ̀fà lójú mi.

Bàbá Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀
Bí o bá pàdánù iṣẹ́ ńkọ́?

Ọmọ Rẹ́mọ
Bàbá ti béèrè ọ̀rọ̀.

Àǹtí Olówó-Ìfẹ̀yìntì
Ẹ jẹ́ kí a padà sórí àsansílẹ̀. Láti 2022 ni PenCom, àjọ tí ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, ti gbà kí òṣìṣẹ́ mú ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ fi ṣe àsansílẹ̀ ilé. Èmi náà fẹ́ lò ó, àfi ìgbà tí mo ṣí àkáǹtì náà wò tí mo rí i pé ìdá 25 tèmi kò tó àsansílẹ̀ ilé ajá. Olùkọ́, o kò tíì lè lò ó ná, nítorí ó di ẹni tí ó ti san fún ọdún márùn-ún.

Olùkọ́ Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti wo ìwé owó oṣù mi báyìí: ₦15,000 ni alájẹṣẹ́kù ń yọ, ó sì ku oṣù mẹ́rin kí ó tán. Ṣé kí n dúró kí ó tán, àbí kí n kọ̀wé báyìí?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde
Dúró. Má sì yá òmíràn, ì báà ṣe ti Iléyá.