Ìràwọ̀ mẹ́ta lórí pátákó, èébì nílé: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín ti rí létí òkun

Ìyá Ìbejì, London:
Ẹ kú ìjọ́ mẹ́ta o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ní oṣù Keje tó kọjá ni mo fẹ́ sọ, kí ẹ̀yin náà sì sọ tiyín.

Ooru mú lọ́sẹ̀ náà bí ẹni pé Ìbàdàn la wà. Àwọn ọmọ ní àfi òkun. La bá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí etíkun kan ní Kent, èmi, bàbá wọn, àti àbúrò mi obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé. Òjò alágbára kan ti rọ̀ lóru ọjọ́ tó ṣáájú, ààrá ń sán gidi, ṣùgbọ́n nígbà tí a débẹ̀ oòrùn ti yọ, omi mọ́ gaara. Mo lọ ka pátákó tó ń sọ bí omi ibẹ̀ ṣe mọ́ tó: ìràwọ̀ mẹ́ta, "Excellent". Ọkàn mi balẹ̀. Inú omi ni àwọn ọmọ wà títí aago mẹ́rin fi lù.

Lọ́jọ́ kejì, Kẹ́hìndé bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Táíwò ti dara pọ̀ mọ́ ọn, tòun ti ìgbẹ́ gbuuru. Jọ̀lọ́ọ̀fù mi ni bàbá wọn kọ́kọ́ kà á sí lọ́rùn (ẹ gbọ́ ẹjọ́ ọkùnrin), bẹ́ẹ̀ èmi àti àbúrò mi jẹ ẹ́ ju àwọn ọmọ lọ, kò sì sóhun tó ṣe wá. Dókítà ló béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ṣé òjò rọ̀ kí ẹ tó lọ?"

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ìràwọ̀ orí pátákó yẹn, ti òní kọ́ o! Láti 15 oṣù Karùn-ún sí 30 oṣù Kẹsàn-án ni Environment Agency, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àyíká, fi ń bu omi etíkun wò nílẹ̀ England, èsì bí ọdún mẹ́rin ni wọ́n sì ń kó pọ̀ kí wọ́n tó fún etíkun ní ìràwọ̀. Kòkòrò inú ìgbẹ́ oríṣi méjì ni wọ́n ń kà, E. coli àti enterococci. Fún ìràwọ̀ mẹ́ta létí òkun, enterococci ò gbọdọ̀ ju 100 lọ nínú mílílítà 100 omi, E. coli ò sì gbọdọ̀ ju 250, ní bí ìgbà 95 nínú 100. Ìgbà márùn-ún tó kù ńkọ́? Ẹ̀yìn òjò ńlá ló sábà máa ń bọ́ sí.

Ìdí ni pé ní ọ̀pọ̀ ìlú àtijọ́ níbí, páìpù kan náà ló ń gbé omi òjò àti omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí òjò bá pọ̀ jù, páìpù á kún, wọ́n á tú u sínú odò tàbí òkun kó má bàa padà sílé onílé. Òjò tó kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ nìyẹn. Wọ́n ń gbé ìkìlọ̀ ti òòjọ́ jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọ̀pọ̀ etíkun. Fóònù wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà, fọ́tò ni mo ń yà.

Bàbá Houston:
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Ara àwọn ọmọ á le o.

Galveston, etíkun kan ní Texas níbí, ni ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń lọ. Omi ibẹ̀ pọ́n bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ bá wọn lọ, mo pòṣé, mo gbé súyà mi, mo jókòó sórí iyanrìn. Alàgbà kan fi mí rẹ́rìn-ín, ó ṣí Texas Beach Watch, ibi tí wọ́n ti ń gbé iye kòkòrò inú omi etíkun jáde, lórí fóònù rẹ̀: enterococci ò tó 35 nínú mílílítà 100. Ẹrẹ̀ tí àwọn odò ń gbé wọ òkun ló mú un pọ́n bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìgbẹ́. Lọ́dún kejì, omi mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní enterococci ti kọjá 104, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń kìlọ̀ fún èèyàn. Mi ò gba ojú mi gbọ́ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n ní láti fi omi náà sínú ooru fún wákàtí 24 kí kòkòrò tó ṣeé kà. Omi àná ni èsì òní ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Bahia:
Mo wà ní Salvador, ní Brazil, lọ́jọ́ 2 oṣù Kejì, ọjọ́ ọdún Yemọja ní Rio Vermelho. Èrò bí omi, aṣọ funfun lọ́tùn-ún lósì, òdòdó àti lọ́fínńdà kún inú apẹ̀rẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi kí n wọ omi dé ọrùn. Ìyá tí mo dé sílé rẹ̀ mọ orin Yemọja ju èmi ọmọ Ọ̀yọ́ lọ (ojú tì mí díẹ̀). Ó ní kí n kọ́kọ́ wo ìwé tí INEMA, àjọ àyíká ìpínlẹ̀ Bahia, ń gbé jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lórí omi etíkun. Ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjì ló máa ń wà níwájú orúkọ etíkun: própria, ó yẹ; imprópria, kò yẹ.

Òfin ọdún 2000 ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Wọ́n á bu omi fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún; ó kéré tán, mẹ́rin nínú ìgò márùn-ún ò gbọdọ̀ ju 800 E. coli lọ nínú mílílítà 100. Bí ìgò ìkẹyìn bá sì ju 2000, kò yẹ nìyẹn, bí mẹ́rin ìṣáájú tilẹ̀ mọ́ bí omi àmù. Lójú tèmi, èyí sàn ju ìràwọ̀ ọdún mẹ́rin lọ. Ìyá náà ní Yemọja ò ní bínú sí ẹni tó bá dúró níbi tí omi mù ún dé orúnkún. Ibẹ̀ náà ni mo dúró sí.

Káyọ̀dé Èkó:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rí nọ́ńbà kà, ẹ kú oríire. Tarkwa Bay, etíkun kan l'Ékòó níbí, ni mo ti kọ́ omi wẹ̀, mi ò sì tíì fojú mi rí pátákó tó sọ iye kòkòrò níbẹ̀. Àwọn apẹja ni pátákó tèmi. Wọ́n kọ́ mi pé nígbà tí omi bá ń ti ọ̀sà jáde sí òkun, tí ewéko àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ń bá a bọ̀, kí n jókòó jẹ́ẹ́. Kí n dúró di ìgbà tí òkun bá ń wọlé. Gọ́tà Èkó mélòó ni ò lọ sínú ọ̀sà? Mo ṣe agídí lẹ́ẹ̀kan, etí ọ̀tún dùn mí fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé kò wọ omi ni?

Ìyá Ìbejì, London:
Ó wọ̀ ọ́ o! Ṣùgbọ́n ó na ọrùn sókè bí lékeléke, kò fẹ́ kí omi kan irun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹ̀. Àwọn ọmọdé ló ń gbé omi mì. Wọ́n ń pariwo, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi ọwọ́ oníyanrìn jẹ bisikíìtì.

Ní báyìí, bí òjò ńlá bá ti rọ̀, a ó fi odindi ọjọ́ méjì sílẹ̀. Sátidé tó kọjá ló yẹ ká lọ, òjò rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, la bá gba páákì lọ. Kẹ́hìndé ò bá mi sọ̀rọ̀ títí alẹ́ fi lẹ́. Táíwò ní bí mo bá din dòdò, òun á bá mi bẹ̀ ẹ́. Mo din ín.