Iṣẹ́ Social Studies wo ni kí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Texas yàn?

Ìyá Tómiwá:
Mo kí gbogbo ẹ̀yin ará ilé. Tómiwá parí SS1 ní Ìbàdàn kí ó tó wá bá wa ní Houston, ilé-ìwé sì ti fi í sí kíláàsì kẹwàá. Olùdámọ̀ràn wọn fún wa ní ìwé tí wọ́n to iṣẹ́ Social Studies sí, ó ní kí a mú un padà ní ọjọ́ Ẹtì. World History nìkan pé oríṣi mẹ́ta níbẹ̀, ká má tíì wá sọ Psychology àti Sociology. Èwo ni ọ̀ranyàn? Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ọmọ náà fẹ́ ṣe, mi ò sì fẹ́ kí ó fi àkókò ṣòfò lórí ìtàn.

Bàbá Ìbejì:
Ìyá Tómiwá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kírẹ́díìtì mẹ́ta (ẹyọ tí wọ́n fi ń ka iṣẹ́ tí ọmọ ti yege) ni Texas béèrè nínú Social Studies kí ọmọ tó lè jáde ní girama: Ìtàn Amẹ́ríkà jẹ́ ẹyọ kan, ẹ̀kọ́ Ìjọba jẹ́ ìdajì, Ètò Ọrọ̀ Ajé jẹ́ ìdajì, ọmọ yóò sì mú ọ̀kan nínú World History àti World Geography. Psychology àti Sociology kì í ṣe dandan.

Ìtàn Amẹ́ríkà ni kí ẹ fojú sí jù, nítorí ó wà lára iṣẹ́ márùn-ún tí ìpínlẹ̀ ń ṣe ìdánwò STAAR lé lórí. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi nígbà tí àwọn ìbejì mi wà níbẹ̀ ni pé ọdún 1877 ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, torí pé wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ tó kù ní apá ìṣáájú ní kíláàsì kẹjọ. Ọmọ tó ti Ìbàdàn dé yóò bá wọn láàárín ọ̀nà ni, bí ẹni tó wọlé nígbà tí fíìmù ti dé ìdajì. Kí ó tó wọ kíláàsì kọkànlá, ẹ wá ìwé kíláàsì kẹjọ fún un, kí ó ka bí wọ́n ṣe gba òmìnira, bí wọ́n ṣe kọ òfin orílẹ̀-èdè wọn àti ohun tó fa ogun abẹ́lé wọn.

Olùkọ́ Àbẹ̀kẹ́:
Mo ń kọ́ni ní ilé-ìwé girama kan nítòsí Dallas. Ẹ má jẹ́ kí èsì SS1 ọmọ yẹn ṣòfò. Bí ó bá ṣe jọ́gíráfì ní Ìbàdàn, ẹ ní kí ilé-ìwé náà kọ ohun tí wọ́n kọ́ ọ sínú ìwé, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú. Bí wọn kò bá gbà á níhìn-ín, ẹ béèrè fún credit by exam, ìyẹn ìdánwò tí ọmọ fi ń gba kírẹ́díìtì láìjókòó ní kíláàsì iṣẹ́ náà. Ọmọ tó ti kọ́ iṣẹ́ náà rí gbọ́dọ̀ gba 70 nínú 100. Ẹni tí kò kọ́ ọ rí gbọ́dọ̀ gba 80.

Ẹ jọ̀wọ́, mi ò bá yín gbà nípa ti nọ́ọ̀sì o. Òfin Texas béèrè wákàtí kírẹ́díìtì (òṣùwọ̀n iṣẹ́ ti yunifásítì) mẹ́fà nínú ìtàn Amẹ́ríkà àti mẹ́fà nínú ẹ̀kọ́ ìjọba lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì ìjọba, ìbáà jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí ẹnjiníà. Èyí tí kò bá ti ilé-ìwé girama gbà dání, owó ni yóò fi rà á níwájú.

Ìyá Tómiwá:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Ṣé AP ni kí ó wá gbà, ìyẹn iṣẹ́ ipele yunifásítì tó ní ìdánwò tirẹ̀ ní ìparí, àbí dual credit, èyí tí iṣẹ́ kan ń fún ọmọ ní kírẹ́díìtì girama àti ti yunifásítì pọ̀?

Bàbá Ìbejì:
Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìṣe. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi yege nínú AP US Government, mo sì rò pé ẹ̀kọ́ ìjọba ti parí. Àṣé ti ìjọba àpapọ̀ nìkan ni AP náà ń kọ́ni; kò kan ìjọba Texas, ọmọ náà sì tún padà lọ sanwó GOVT 2306, iṣẹ́ yunifásítì lórí ìjọba Texas. Dual credit lè kó GOVT 2305 (ti ìjọba àpapọ̀) àti 2306 pọ̀ fún Tómiwá.

Olùkọ́ Àbẹ̀kẹ́:
Ṣùgbọ́n máàkì dual credit ti wọ àkọsílẹ̀ yunifásítì nìyẹn, bí ó bá sì burú, kò ní parẹ́. Ní ti AP, oṣù Karùn-ún ni ìdánwò, 1 sí 5 ni wọ́n ń fún ọmọ, a sì lè fi èsì tí kò dára pamọ́. Àwọn yunifásítì ìjọba Texas kì í sábà kọ̀ láti gba máàkì 3. Àmọ́ ìgbà ìkórè (fall) ni ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò AP ń parí, ọ̀pọ̀ òbí kì í sì rántí.

Fún ọdún yìí, ẹ fi í sí World History aláìní-AP. AP World History bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1200, kíkà àti kíkọ rẹ̀ pọ̀ fún ọmọ tó ṣì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ níbí.

Ìyá Tómiwá:
Mo ti kọ World History sínú ìwé náà. Èmi àti olùdámọ̀ràn yóò sọ̀rọ̀ GOVT 2306 kí a tó yan ti kíláàsì kejìlá, mo sì ti pe ilé-ìwé Ìbàdàn nípa òǹtẹ̀. Wọ́n ní kí n pè padà ní ọjọ́ Ajé.