Nígbà tí overdrive MGB mi dákẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹni tó bá ní mọ́tò òyìnbó àtijọ́ láàárín wa, ẹ bá mi ka èyí dópin kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ẹ́ńjìnnì yín kalẹ̀.

MGB GT ni tèmi, mọ́tò kékeré tí ilé iṣẹ́ MG ṣe lọ́dún 1972. Ó ní overdrive, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn gíábọ́ọ̀sì, tí ẹ máa fi síwíìṣì tan kí ẹ́ńjìnnì má baà máa yí jù bí mọ́tò bá ń sáré. London ni mò ń gbé. Lọ́jọ́ tí ó ṣẹlẹ̀, ọ̀nà M1 ni mo wà, mò ń lọ sí Sheffield, ìlú tí wọ́n ti máa ń ṣe overdrive tó ń jẹ́ Laycock nígbà kan rí fún MG, Triumph, Austin-Healey, títí kan Volvo. Mo ti ń sá 70 máìlì ní wákàtí kan, mo tẹ síwíìṣì bí mo ṣe máa ń ṣe, ohùn ẹ́ńjìnnì kò yí padà. Gíá mẹ́rin péré ni mọ́tò yìí ní. Bí overdrive bá wọlé lórí gíá kẹrin, nǹkan bí 3,200 ìgbà ni ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Bí kò bá wọlé, á tó 3,900. Ariwo yẹn ni mo bá dé Sheffield, orí sì ń fọ́ mi.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ kò wò ó ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Wọ́n ní gíábọ́ọ̀sì ti kú, kí n lọ wá òmíràn. Ẹ sì mọ̀ pé gíábọ́ọ̀sì MGB kì í dá jáde. Tòun tẹ́ńjìnnì lẹ máa jọ yọ. Mo wá a kiri títí mo fi rí ẹnì kan ní Kent tó ní ọ̀kan, £450. Mo sanwó, mo gbé e délé, àfi ìgbà tí mo wò ó dáadáa. Overdrive oríṣi D ló wà lára rẹ̀, ti MGB tó jáde ṣáájú òpin 1967, tí gíá kìíní rẹ̀ kò ní synchro tó ń mú kí gíá wọlé wọ́ọ́rọ́. Oríṣi LH ni tèmi ń lò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ ara rẹ̀ wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín: ti D, ìta ni solenoid rẹ̀ (irin oníná tó ń jẹ́ kí overdrive wọlé) wà, ó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ gbàgbà, ti LH, inú ni wọ́n fi í pamọ́ sí. Ẹni tó tà á kò dá owó mi padà.

Bàbá òyìnbó kan ládùúgbò wa, tí wọ́n ti ń tún irú mọ́tò yìí ṣe láti ìgbà èwe wọn, ni Ọlọ́run fi gbà mí. Wọ́n ní kí n ṣí kọ́kọ́rọ́ láì ta ẹ́ńjìnnì, kí n ki gíá kẹrin, kí n tan síwíìṣì overdrive, kí n wá dẹtí. Kò dún. Wọ́n fa wáyà kan láti orí bátìrì, wọ́n fi kan wáyà solenoid. Kẹ́! Ó dún. Solenoid kò kú rárá. La bá ń tọ wáyà lọ títí dé síwíìṣì kékeré orí gíábọ́ọ̀sì, èyí tí kì í jẹ́ kí iná kọjá àfi lórí gíá kẹta àti ìkẹrin. Ibẹ̀ la ti bá a: rọ́bà wáyà ti bó, ọ́ìlì ti rin ín gbindin, bàbà inú rẹ̀ ti dípẹtà, ó ti já sí méjì.

Mo ní ká kúkú fo síwíìṣì yẹn, ká so wáyà pọ̀ tààrà. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní bí mo bá gbàgbé tí mo fi ẹ̀yìn rìn nígbà tí overdrive ṣì wọlé, àwọn róólà inú rẹ̀ tó jẹ́ pé apá kan ṣoṣo ni wọ́n ń yí sí á fọ́, nígbà náà ni gíábọ́ọ̀sì á wá kú lóòótọ́. Síwíìṣì kékeré yẹn ló ń dáàbò bò ó. Mo pààrọ̀ wáyà, mo fọ fíltà, mo da ọ́ìlì 20W/50 tuntun sí i. Owó wáyà kò tó £5. Mo gbé e jáde nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo tan síwíìṣì lórí gíá kẹta, ẹ́ńjìnnì sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kúrò lórí rẹ̀.

Gíábọ́ọ̀sì D yẹn, mo tà á ní iye tí mo rà á fún ẹnì kan tó ní MGB 1965, tó ti ń wá a tipẹ́.

Ọ̀kan nínú wa fèsì:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Triumph Stag ni tèmi. Nígbà tí mo rà á, ẹ́ńjìnnì Rover ni mo bá nínú rẹ̀, wọ́n ti yọ V8 2997 cc tó jẹ́ tirẹ̀. Ọdún méjì ni mo fi wá ojúlówó. Òkè téńté ni pọ́ọ̀ǹpù omi rẹ̀ wà; bí omi bá dín díẹ̀, gbígbẹ ló máa gbẹ, ẹ́ńjìnnì á sì gbóná. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi yọ ọ́ dànù. Èmi kì í tan ẹ́ńjìnnì láìwo omi. Àmọ́ tí ara rẹ̀ bá ti gbóná, overdrive tèmi máa ń pẹ́ kó tó wọlé. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Èmi:

Àbúrò, bó bá ń wọlé nígbà tó tutù, tó wá ń pẹ́ nígbà tó gbóná, ọ́ìlì ni kí o kọ́kọ́ fura sí. Agbára ọ́ìlì ló ń tì í wọlé. Wo ìwọ̀n rẹ̀, kí o sì tú fíltà. Tí mo bá délé lálẹ́, màá fi fọ́tò fíltà tèmi ránṣẹ́ sí ẹ, kí o rí bí ìdọ̀tí ṣe dí i.