Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìgbà wo ló dára jù láti mú màmá àtàwọn ọmọ lọ sí Ouidah?

Ìyàwó Ẹ̀gbá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹbí. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ mọ orílẹ̀-èdè Benin dáadáa bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ìbàdàn ni mò ń gbé. Màmá mi ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ọmọ Pópó Àgùdà l'Ékòó ni bàbá wọn, inú ìjọ Àgùdà ni wọ́n sì wà títí dòní. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé àwọn fẹ́ fi ojú ara àwọn rí Ouidah, pàápàá etíkun tí wọ́n ti ń kó ẹrú sínú ọkọ̀ lọ sí Brazil. Èmi, màmá àtàwọn ọmọ mi méjì la jọ máa lọ. Iṣẹ́ kò ní jẹ́ kí ọkọ mi bá wa débẹ̀. Ọmọ ọdún 11 ni èyí ẹ̀gbọ́n, èyí àbúrò jẹ́ 7. Ìgbà tí iléèwé bá gba ìsinmi nìkan la lè rìn: Àjíǹde, ìsinmi gígùn oṣù kẹjọ, tàbí Kérésìmesì wọ inú ọdún tuntun.

Ọkọ mi ní ká yọ oṣù kẹjọ kúrò, pé òjò ni yóò lé wa padà wálé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní tí kì í bá ṣe ìgbà ọdún Vodun ní oṣù kìíní, kí n má wulẹ̀ dáwọ́ lé e. Orúnkún ń yọ màmá lẹ́nu díẹ̀, wọn kì í lè dúró pẹ́. Owó náà kò sì pọ̀ lọ títí. Kí lẹ rí sí i?

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìrònú, ìyàwó wa. Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ni wọ́n bí mi sí, Kútọnu ni mo ti ń ṣòwò. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí òjò etíkun wa ṣe ń rọ̀, nítorí èèyàn yín tó ń gbé Nàìjíríà máa ń rò pé bó ṣe rí lọ́dọ̀ yín náà ló rí lọ́dọ̀ wa.

Òjò ńlá ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin, ó ń le sí i títí di oṣù kẹfà. Oṣù kẹfà yẹn, ẹ má dé ọ̀dọ̀ wa rárá tí kì í bá ṣe ọ̀ranyàn. Òjò lè rọ̀ láti òru mọ́jú, kí omi sì gba títì. Ní oṣù keje ó ń rọlẹ̀. Tó bá di oṣù kẹjọ, ojú ọ̀run á kàn ṣú, kò ní rọ̀. Mi ò sọ pé kò ní sí wínniwínni láàárọ̀ o, ṣùgbọ́n òjò tó ń sé èèyàn mọ́lé ṣọ̀wọ́n. Inú òkun ni ìdí rẹ̀ wà: láti oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, omi tútù máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun, láti etíkun Ghana títí dé ọ̀dọ̀ wa. Bí ojú òkun bá ti tutù, òjò tí atẹ́gùn ibẹ̀ ń gbé wá máa ń dín kù. Àrọ̀kúrò á wá dé ní òpin oṣù kẹsàn-án, á sì kásẹ̀ nílẹ̀ ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀rùn ni títí di oṣù kẹta.

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn náà mọ ìsinmi òjò oṣù kẹjọ, ṣùgbọ́n tiwa gbẹ ju tiyín lọ. Èkó pàápàá ń rí òjò jù wá lọ lọ́dún, bẹ́ẹ̀ ibodè kan péré ló là wá láàárín. Nítorí náà, kí ọkọ yín má bínú sí mi, oṣù kẹjọ lèmi yóò mú. Ooru rẹ̀ kì í ju nǹkan bíi 28 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì lọ́sàn-án, màmá á lè rìn láìlàágùn. Oṣù kejì àti oṣù kẹta ni ooru tiwa ń mú jù.

Ti Àjíǹde kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kì í dúró lójú kan. Tó bá bọ́ sí òpin oṣù kẹta, ooru ni. Tó bá bọ́ sí òpin oṣù kẹrin, àkọ́rọ̀ òjò ni, pẹ̀lú ìjì àti àrá.

Ìyá Ìbejì Sùúrùlérè

Ẹ má gbọ́ tirẹ̀ nìkan o! Ẹni tó lọ sí Ouidah tí kò rí ọdún Vodun oṣù kìíní, kí ló lọ rí? Ìsinmi ìjọba ni káàkiri ilẹ̀ Benin. Láti 2024 ni wọ́n ti sọ ọ́ di àjọ̀dún ọlọ́jọ́ mélòó kan tí wọ́n ń pè ní Vodun Days. Sàǹgbétò á máa pòòyì bí òkòtó, àwọn olórìṣà aláṣọ funfun á tò lọ sí etíkun, orin á sì máa dún létí òkun títí ilẹ̀ á fi mọ́. Egúngún tó ń jáde níbẹ̀, ọ̀dọ̀ àwa Yorùbá ló ti lọ. Ẹ máa gbọ́ èdè wa nínú orin wọn láàárín àwọn Fọ̀n. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, òjò kan kò ní da nǹkan rú. Mo kó àwọn ọmọ mi lọ, wọ́n ṣì ń sọ ọ́ di ìsinsìnyí.

Awakọ̀ Sẹ̀mẹ̀

Màmá Ìbejì, ọdún yẹn dùn, ọ̀nà rẹ̀ ni kò dùn. Láti bí ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì, àwọn tó ń lọ ṣọdún nílé, àwọn oníṣòwò, àwọn tó ń lọ fàájì ní Kútọnu, Sẹ̀mẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbà. Èrò ọdún Kérésìmesì kò tíì tán lójú ọ̀nà tí ti Vodun á fi dé. Arúgbó tí orúnkún ń dùn, tó ń sọ̀ kalẹ̀ tó ń gòkè ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé wò, ẹ ro ìyẹn náà.

Ouidah kì í ṣe ìlú ńlá, ilé ìtura ibẹ̀ kò pọ̀. Tí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, yàrá á tán, owó èyí tó kù á fò sókè. Kútọnu ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sùn, wọ́n á máa wá láàárọ̀. Bíi kìlómítà 40 ni. Ẹni tó bá fẹ́ lọ ní oṣù kìíní, kó ti sanwó yàrá sílẹ̀ kí àrọ̀kúrò tó parí.

Ìyàwó Ẹ̀gbá

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo fẹ́ fi kún un pé ọmọ mi kékeré ní ikọ́ fée. Ṣé ọyẹ́ máa ń le tó bẹ́ẹ̀ létí òkun? Mo rò pé atẹ́gùn òkun kì í jẹ́ kó débẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta

Ẹ̀gbọ́n mi, ó ń débẹ̀ o. Kì í le tó ti òkè Ọya, atẹ́gùn òkun a sì máa tì í sẹ́yìn lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì, àwọn ọjọ́ kan wà tí eruku á bo ojú sánmà tí ètè á sì máa là. Ẹ wá fi eruku ẹsẹ̀ èrò ọdún kún un, lórí iyanrìn. Ìyẹn nìkan tó fún mi láti má mú ọmọ tó ní ikọ́ fée lọ ní oṣù kìíní. Ìgbàkígbà tí ẹ bá lọ, ẹ fi ọmọ náà han dókítà rẹ̀ ṣáájú, kí ínhélà rẹ̀ wà nínú àpò ọwọ́ yín, kó má wà nínú ẹrù ẹ̀yìn ọkọ̀.

Ní ti oṣù kẹjọ, ẹ̀fọn ni kí ẹ ṣọ́. Ọ̀sà àti àbàtà ló yí ìlú yẹn ká, omi òjò oṣù kẹfà kì í sì tíì gbẹ tán. Ẹ béèrè bóyá àpò ẹ̀fọn wà lórí ibùsùn kí ẹ tó sanwó yàrá. Ẹ má gbàgbé káàdì yẹ́lò fún gbogbo yín. Tí ẹnì kan ò bá tíì gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú rí, kó gbà á, ó kéré tán, ọjọ́ 10 kí ẹ tó rìn, torí ìgbà yẹn ni káàdì náà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Tọ́lá Ẹ̀pẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Àgbádárìgì ò tó ni? Ibi tí wọ́n ti kó ẹrú wà níbẹ̀, etíkun wà níbẹ̀, kò sí pé ẹnikẹ́ni ń béèrè káàdì.

Ìyá Ìbejì Sùúrùlérè

Tọ́lá, ojú ọ̀nà ni Àgbádárìgì wà, wọ́n lè yà síbẹ̀ tí wọ́n bá ń bọ̀. Ouidah ni màmá dárúkọ.

Adé Ìlàjẹ

Kò sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ òkun fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọdé wà nínú ìrìn yìí. Etí omi ni wọ́n ti tọ́ mi, mi ò sì jẹ́ kí ọmọ mi wẹ̀ nínú òkun Ouidah, ì báà ṣe ẹ̀ẹ̀rùn, ì báà ṣe òjò. Etíkun yẹn dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wọnú omi, ìgbì á fọ́ lu ilẹ̀, omi tó ń padà á sì máa wọ́ ẹni tó bá dúró síbẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ kì í lè ṣe nǹkan kan sí i. Oṣù kẹjọ tí wọ́n ń yìn yìí gan-an ni ìgbì máa ń ga: ìgbà òtútù ni ní ìsàlẹ̀ Atlantic lọ́hùn-ún, ìjì tó ń jà níbẹ̀ ló ń ti ìgbì wá bá wa.

Kí wọ́n ṣeré lórí iyanrìn òkè, kí àgbàlagbà kan máa wo wọ́n. Tí wọ́n bá fẹ́ dé ojú omi, ọ̀sà ni kí ẹ fi ọkọ̀ ojú omi gbé wọn lọ.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Adé sọ òótọ́, kí ẹnikẹ́ni má wẹ̀. Oṣù kẹjọ sì ní ohun tó ń dù yín, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kó má di pé mo ń polówó. Àwọn obìnrin tó ń se iyọ̀ létí ọ̀sà ní Djègbadji, lọ́nà etíkun, ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ wọn. Tí òjò bá ti fi omi dídùn kún ọ̀sà, iyọ̀ ò ní ṣeé sè. Àwọn ìjàpá òkun tó ń gun etíkun Grand-Popo wá yé ẹyin lóru, ẹ ò ní bá wọn. Láti bí oṣù kẹsàn-án lọ ni tiwọn, títí wọ inú ọdún tuntun. Àwọn ọmọ ì bá fẹ́ràn ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìyàwó wa ti sọ ohun tó kù tí mo ń wá: ìjọ Àgùdà ni màmá. Ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ni ọdún Ìgbàsókè Màríà, ìsinmi ìjọba ni lọ́dọ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí màmá gbọ́ Máàsì lọ́jọ́ yẹn ní Bàsílíkà Ouidah. Tí wọ́n bá jáde, kí wọ́n wo iwájú: ilé òrìṣà òjòlá ló kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì náà gan-an. Àwọn ọmọ lè wọlé lọ wò, òjòlá ibẹ̀ kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Bóyá màmá á wọlé, ọwọ́ wọn nìyẹn wà.

Ọ̀nà tí wọ́n ń kó ẹrú gbà láti ìlú dé etíkun tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin. Ẹ má fẹsẹ̀ rìn ín pẹ̀lú orúnkún màmá. Ẹ háyà ọkọ̀ fún àárọ̀ kan, kí awakọ̀ máa dúró fún yín níbi àwọn ère àti ní Zoungbodji, níbi tí wọ́n sin àwọn tó kú kí ọkọ̀ tó dé. Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ tó wà létí òkun, 1995 ni wọ́n kọ́ ọ, ẹ sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n má rò pé òun gan-an ni àwọn ẹrú gbà kọjá. Odi Pòtogí tí wọ́n sọ di musíọ̀mù ti wà lábẹ́ àtúnṣe láti ọdún mélòó kan, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti ń gbàlejò kí ẹ tó fi í sínú ètò yín.

Ohun kan tó kù kàn màmá. Bí ẹ bá ti dé, wọ́n á máa dárúkọ Chacha fún yín, ìyẹn Francisco Félix de Souza, ọmọ Brazil tó kú ní 1849. Agboolé rẹ̀ ṣì wà nínú ìlú, àwọn ọmọ rẹ̀ pọ̀ lọ jàra. Oníṣòwò ẹrú ni, ó sì lókìkí gidi. Ó sàn kí ẹ ti sọ ọ́ fún màmá látilé. Mo ti rí àwọn tó wá látòkèèrè tí inú bí débi tí wọn ò fẹ́ wo ohun tó kù mọ́.

Ìyá Ìbejì Sùúrùlérè

Ti Máàsì yẹn, mo gbà. Tí ọmọ bá dàgbà tí àyà rẹ̀ le, kí wọ́n wá padà lọ ní oṣù kìíní. Mi ò gbà pé oṣù kẹjọ dùn jù o, màmá ló yẹ.

Ìyàwó Ẹ̀gbá

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọlọ́run á fi èrè sí i fún yín. Mo ka gbogbo rẹ̀ sétí màmá lálẹ́ àná. Bí wọ́n ṣe gbọ́ Máàsì Ìgbàsókè ni wọ́n ti ń béèrè irú aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ lọ síbẹ̀. Ti Chacha, wọ́n ní àwọn ti mọ orúkọ yẹn láti kékeré, pé kí n má dààmú. Ọkọ mi gbà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó ti ra agbòjò mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ la máa lọ.

Awakọ̀ wa, ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n mú dání ní ti ibodè? Níbo ni kí n ti ṣẹ́ owó?

Awakọ̀ Sẹ̀mẹ̀

Páspọ́ọ̀tù gbogbo yín, káàdì yẹ́lò, àti ìwé ìbí àwọn ọmọ. Nítorí pé bàbá wọn ò sí níbẹ̀, kó kọ lẹ́tà ìyọ̀ǹda, kó fọwọ́ sí i, kó sì so ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó ń mú ọmọdé kọjá láìsí bàbá máa ń rí ìbéèrè. Ẹ kúrò n'Íbàdàn ní ìdájí, kí ẹ lè ti kọjá Sẹ̀mẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní ti owó, ẹ béèrè iye tí séfà ń lọ lọ́wọ́ ẹni méjì ó kéré tán kí ẹ tó ṣẹ́ ẹ, ẹ kà á níṣojú wọn, kí ẹ sì gba owó wẹ́wẹ́ dáadáa mọ́ ọn. Tí ẹ bá na 10,000 séfà sí ọlọ́kadà Ouidah, á ní òun ò ní ṣéńjì. Ẹ dúnàádúrà kí ẹ tó gùn ún. Màmá ní tiwọn, tasín ni kí ẹ máa bá wọn dá.