Èsì lórí "àwòkọ́ṣe bàálù", ike àti sítíkà

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé.

Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìsánlú dá a lábàá pé kí á máa pe bàálù ogun kékeré tí à ń fi àwọn ẹ̀yà inú páálí tò ní "àwòkọ́ṣe bàálù", kí á pe gbogbo ohun tí wọ́n fi ṣe é ní "ike", kí á sì pe àmì tí à ń lẹ̀ mọ́ ọn ní "sítíkà". Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, n kò lè gba ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ohun tí èèyàn ń wò kí ó tó ṣe tirẹ̀ là ń pè ní àwòkọ́ṣe. Bàálù gidi tó wà ní pápá ni àwòkọ́ṣe, èyí tó wà lórí tábìlì wulẹ̀ jọ ọ́ ni. "Bàálù àtòpọ̀" ló tẹ́ mi lọ́rùn, iṣẹ́ ọwọ́ tó wà níbẹ̀ ló ń sọ. Ní ti ìwọ̀n tí a fi dín bàálù gidi kù, ẹ jẹ́ ká kọ 1/72 àti 1/48 bí wọ́n ṣe wà, ká sì kà á ní "ìdá kan nínú méjìléláàádọ́rin". Ẹni tó bá kà á bẹ́ẹ̀ kò ní rò pé 72 ló tóbi jù. Láti ṣóńṣó apá kan bàálù ogun Alpha Jet dé ìkejì jẹ́ mítà 9.11, ní 1/72 kò ju sẹ̀ǹtímítà 12.7 lọ, ní 1/48 ó tó 19.

"Ike" yìí gan-an ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Bàálù tó wọ́pọ̀, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń tẹ ike rẹ̀ sínú mọ́ọ̀dù irin, owó gọbọi sì ni mọ́ọ̀dù náà. Ta ni yóò náwó bẹ́ẹ̀ lórí bàálù tí ìwọ̀nba èèyàn ń wá? Ẹ wo MFI-9B, bàálù kékeré láti Sweden tí Carl Gustaf von Rosen, awakọ̀ bàálù ará Sweden, kó márùn-ún wá fún Bìáfùrà, tí wọ́n fi kọ lu Port Harcourt ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún, 1969. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jáde ní rẹ́sìnì: olómi méjì ni wọ́n ń pò pọ̀, tí wọ́n ń dà sínú mọ́ọ̀dù rọ́bà. Mọ́ọ̀dù rọ́bà kì í pẹ́ gbó, ìdí nìyẹn tí páálí wọn fi ń tán lọ́jà kíákíá.

Gúlúù ike máa ń yọ́ ojú ike méjèèjì kí wọ́n lè di ọ̀kan. Kò lè yọ́ rẹ́sìnì. Orí rẹ̀ ni yóò gbẹ sí, apá bàálù yóò sì já bọ́ nígbà tó bá yá. Súpà gúlúù ni ti rẹ́sìnì. (Ẹ má fi lẹ dígí orí awakọ̀ o, èéfín rẹ̀ máa ń sọ dígí di funfun.) Òróró tí wọ́n fi pa mọ́ọ̀dù ṣì máa ń wà lára rẹ́sìnì, àfi ká fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀dà yóò ṣí kúrò. Bí ooru Kàbà yìí bá tẹ apá rẹ̀, omi gbígbóná ni a ó rì í sí, ká tọ́ ọ lórí dígí pẹlẹbẹ títí yóò fi tutù. Omi la fi ń họ ọ́ pẹ̀lú sáńpépà, ká sì bo imú, torí eruku rẹ̀ burú fún ẹ̀dọ̀fóró. Ìkankan nínú èyí kò sí nínú "ike". "Oje" ni mo dá lábàá fún rẹ́sìnì: oje igi náà máa ń ṣàn, ó sì máa ń dì.

Sítíkà ńkọ́? Èékánná la fi ń ṣí sítíkà. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí èyí, yóò ya. Inú omi la ń rì í sí, ká dúró títí yóò fi máa yọ̀ lórí pépà rẹ̀, ká wá tì í sórí apá bàálù. Ẹ jẹ́ ká pè é ní "àlẹ̀mọ́ olómi". Àmì Faransé àti Jámánì ló sábà máa ń wà nínú páálí Alpha Jet, nítorí náà òbìrìkìtì aláwọ̀ ewé, funfun, ewé tiwa, a óò wá a lọ́tọ̀. Bí àlẹ̀mọ́ bá ti pẹ́ nílẹ̀, ẹ fi èyí tí a kò nílò dán an wò nínú omi; bó bá fọ́, ẹ fọ́n fáníìṣì sórí ìyókù kí ẹ tó rì í. Lásìkò ọyẹ́, ọ̀dà tí a ń fọ́n máa ń gbẹ lójú afẹ́fẹ́, ara bàálù á wá rí ṣákaṣàka, afẹ́fẹ́ á há sábẹ́ àlẹ̀mọ́, á máa dán bíi fàdákà. Fáníìṣì dídán ló gbọ́dọ̀ ṣáájú àlẹ̀mọ́.

Èsì láti Ìsánlú:

Àbúrò, o káre. Mo fa àwòkọ́ṣe àti sítíkà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n "oje" yẹn léwu, nítorí ọ̀pọ̀ wa níbí kì í fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀. Bàálù tí taya rẹ̀ kan wà níwájú, tí méjì wà lẹ́yìn, òjé la máa ń kì sí i nímú kó má baà jókòó lórí ìrù, irú òjé tí apẹja ń so mọ́ etí àwọ̀n. A sì gbọ́dọ̀ fi í sí i kí a tó pa ìlàjì ara bàálù méjèèjì dé. Bí ẹ bá kọ "fi oje si imu", ẹnì kan yóò da rẹ́sìnì síbẹ̀. Rẹ́sìnì kò wúwo tó òjé, bó bá sì pọ̀ lójú kan, ó máa ń gbóná bó ṣe ń dì, ó lè tẹ ike imú náà. Ẹ jẹ́ kí rẹ́sìnì máa jẹ́ rẹ́sìnì.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ ni ibi tí àwọn ẹ̀yà so mọ́. Ti ike, "ẹ̀ka" bá a mu, torí wọ́n so sára rẹ̀ bí èso. Ti rẹ́sìnì kì í ṣe ẹ̀ka, ìdí rẹ̀ ki pọ́pọ́. "Kùkùté" ni mo pè é. Ayùn eléyín wẹ́wẹ́ la fi ń gé kùkùté, ká fi díẹ̀ sílẹ̀, kí sáńpépà wá jẹ ìyókù. Ẹni tó bá gé e wọ inú ẹ̀yà, apá yóò kúrú, a kò sì lè rí òmíràn rà.