Ṣé kí n lọ kọ́ ìdánrawò ìtọ́jú lókè òkun, tàbí kí a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbi iṣẹ́ wa ní Èkìtì?

Agbẹ̀bí Ìjerò béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi. Agbẹ̀bí ni mí ní ibùdó ìlera kan nítòsí Ìjerò-Èkìtì. Wọ́n ti gbà mí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan nílẹ̀ Yúróòpù, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera láti àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́ yóò ti máa fi ọmọlangidi dánra wò lórí bí a ṣe ń dóòlà ẹ̀mí ìyá àti ọmọ. N kò ní san owó ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n owó físà àti ti ọkọ̀ òfurufú wà lọ́rùn mi. Ọ̀gá mi sọ pé iye yẹn tó ra ọmọlangidi kan àti báàgì ìfúnni-léèémí tí gbogbo wa lè jọ máa lò. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé kọ̀ǹpútà ló ń darí ọmọlangidi tiwọn lọ́hùn-ún, ó ń mí, ó sì ń ṣẹ́jú, bẹ́ẹ̀ iná tọ́ọ̀ṣì ni àwa fi ń gbẹ̀bí nígbà tí iná bá lọ. Èwo ni yóò ṣe àwọn aláboyún wa láǹfààní jù?

Olùkọ́ Agbẹ̀bí, Adó-Èkìtì:

Arábìnrin mi, ọ̀rọ̀ ọ̀gá yín ni mo fara mọ́. Ní 2010 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn gbé ètò Helping Babies Breathe (ìrànlọ́wọ́ kí ọmọ tuntun lè mí) kalẹ̀ fún irú ibi tí a ti ń ṣiṣẹ́ yìí gan-an. NeoNatalie, ọmọlangidi tí wọ́n ń lò níbẹ̀, kò nílò iná. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni ẹ ó rọ sínú rẹ̀ kí ó lè wúwo bí ọmọ tuntun, ẹ ó máa fọwọ́ fún rọ́bà kékeré kan kí ìwọ́ rẹ̀ lè máa lù, ẹ ó sì fún òmíràn kí ó lè ké. Àyà rẹ̀ kò ní gbéra àfi bí orí rẹ̀ bá wà bó ṣe yẹ, tí ìbòmú báàgì ìfúnni-léèémí sì lẹ̀ mọ́ ẹnu àti imú rẹ̀ dáadáa. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ka gbogbo ìgbésẹ̀ náà sórí láìfo ọ̀kan, síbẹ̀ tí àyà ọmọlangidi kò gbéra rárá nítorí pé ó ti tẹ orí rẹ̀ sẹ́yìn jù.

Ẹ tún wo ilé ìwòsàn Haydom ní Tàǹsáníà. Lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ wọn mọ ọmọlangidi lò dáadáa, ṣùgbọ́n ìṣesí wọn nínú yàrá ìgbẹ̀bí kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dánra wò fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lóòrèkóòrè níbi iṣẹ́ wọn ni ikú ọmọ tuntun láàárín wákàtí 24 tó dín kù.

Dókítà, Ìdó-Èkìtì:

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni olùkọ́ wa sọ, síbẹ̀ n kò fẹ́ kí ẹ tètè jáwọ́ nínú ìrìn àjò náà. Ìjíròrò tó ń tẹ̀ lé ìdánrawò ni ẹ̀kọ́ ti ń wọlé, ẹni tí yóò sì darí irú ìjíròrò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ ọ. Nílẹ̀ wa tí a ti ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, kò rọrùn fún nọ́ọ̀sì kékeré láti sọ fún mátíróònì pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n ní kí a gún pẹ́ jù. Olùdarí tó mọ iṣẹ́ lè bèèrè lọ́nà tí gbogbo wọn yóò fi sọ ohun tí wọ́n rí, tí ojú kò sì ní ti ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ̀wé sí wọn kí ẹ bi wọ́n bóyá wọn yóò kọ́ yín bí a ṣe ń kọ́ ẹlòmíràn. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ olówó ńlá nìkan ni wọ́n fẹ́ fi hàn yín, ẹ jókòó sílé.

Nọ́ọ̀sì, Ìkọ̀lé-Èkìtì:

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yíya lẹ́yìn ìbímọ kún un. Nínú ìwádìí E-MOTIVE, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2023, tí àwọn ilé ìwòsàn Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó kópa, ọ̀rá tó ní ìlà ìdíwọ̀n ni wọ́n tẹ́ sábẹ́ ìyá láti gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láti ṣe gbogbo ìtọ́jú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀jẹ̀ yíya tó le gan-an, iṣẹ́ abẹ nítorí rẹ̀ àti ikú, lápapọ̀, fi ìdá 60 nínú 100 dín kù. Ẹ lè fi ohun tó wà nílé kọ́ ojú yín: ẹ wọn 500 mílílítà omi sóbò, ẹ dà á sórí ìró àti páàdì, kí olúkúlùkù sọ iye tó rò pé ó jẹ́. Iye tí ọ̀pọ̀ máa ń dá kì í tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ra ọmọlangidi, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù o. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, inú ọ́fíìsì ni ọmọlangidi wà pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀ lára, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹni tó ti lọ sí ìsinmi, àwa tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ kò sì fọwọ́ kàn án rí. Ó dùn mí títí di òní.

Agbẹ̀bí Ìjerò:

Ẹ ṣé gan-an ni o. N ó kọ̀wé sí wọn bí Dókítà ṣe wí kí n tó san kọ́bọ̀ fún físà. Olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ lè gba àwa mẹ́ta láyè lọ́jọ́ Sátidé kan láti wá fọwọ́ kan ọmọlangidi yẹn ní Adó kí a tó ra tiwa?